Ọta Tí Ó Bá Ìbọn Mu: Ọ̀rọ̀ Tí Àwọn Ọdẹ Bá Ẹgbẹ́ Sọ ní Ìpàdé Ọdọọdún

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀nà, omi àti iná ni a sábà máa ń gbọ́ nínú ìpàdé yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ náà ní ipò tirẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ìtàn àwọn ará Èsìẹ́ sọ pé ọdẹ ni ó kọ́kọ́ rí àwọn ère òkúta nínú igbó, nígbà pípẹ́ kí òyìnbó tó kọ ìròyìn wọn sílẹ̀ ní ọdún 1933, àti kí a tó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ fún wọn ní 1945. Ojú ìlú ni ọdẹ jẹ́. Bí ojú bá fọ́, gbogbo ara ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ohun tí ó mú wa dìde lónìí ni èyí. Ọ̀kan nínú wa, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó jókòó láàrin yín, gba páálí kátíríìjì kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ọjà gidi ni; ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti wà kí a tó bí baba ńlá wa. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni ìbọn tí ẹni wa ní, kátíríìjì kò sì ní ibi tí yóò gbà wọ inú ṣakabùlà. Kí ni ó ṣe? Ó fi ọ̀bẹ la kátíríìjì, ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ jáde, ó wọ̀n ọ́n bí ó ti ń wọn ẹ̀tù dúdú láti ìgbà èwe rẹ̀, ó kì í sínú ìbọn, ó sì yìn ín. Ìbọn náà là láti ìdí. Ìka méjì ni ó bá a lọ, ojú rẹ̀ kan kò sì ríran dáadáa mọ́ títí di òní. Àwọn tí ó wá kí i ń sọ pé ayé ni, pé ẹnìkan ni ó sà sí i. Àwa kò bá wọn jiyàn nígbà náà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn kì í ṣe ibi àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n níhìn-ín a fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe ayé. Ẹ̀tù ni.

Èédú, imí ọjọ́ àti irú iyọ̀ kan ni a pò pọ̀ di ẹ̀tù dúdú tí àwọn baba wa ń lò. Ó máa ń rú èéfín púpọ̀, agbára rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ní ọdún 1884, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Paul Vieille ṣe ẹ̀tù tuntun tí kì í rú èéfín bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ ni ó sì wà nínú kátíríìjì òde òní. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lágbára ju ọ̀pọ̀ ẹ̀tù dúdú lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe kátíríìjì a máa fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n wínní-wínní, gẹ́gẹ́ bí apòògùn ti ń wọn oògùn olóró. Ṣakabùlà tiwa ńkọ́? Páìpù omi ni àgbẹ̀dẹ fi ṣe ọ̀pá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Páìpù omi kò mọ ẹ̀tù Vieille rí. Kátíríìjì náà dára, ṣakabùlà náà sì ti bọ́ ìdílé fún ogún ọdún. Àpapọ̀ àwọn méjèèjì ni kò dára. Orúkọ ńlá tí ó wà lára páálí kò mọ irú ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Gbogbo ohun tí a wá sọ kò ju èyí lọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó dé tí ṣakabùlà ṣì fi pọ̀ lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìbọn mìíràn. Nígbà ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Ìgbómìnà wà nínú Èkìtì-Parapọ̀, àwọn ìbọn Snider tí a ń kì láti ìdí sì wà lára ohun tí wọ́n fi jà. Ariwo àwọn ìbọn ogun náà ni a fi sọ ogun náà lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní 1890 àwọn ìjọba òyìnbó péjọ ní Brussels, wọ́n sì fi òfin dè é pé kí a má ṣe kó ìbọn ìgbàlódé wọ ilẹ̀ Áfíríkà láti ìlà 20 ní àríwá títí dé ìlà 22 ní gúúsù, bí kò ṣe fún àwọn díẹ̀ tí ó gba àṣẹ. Ìbọn olókùúta-ìṣáná àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Ohun tí a fi òfin tì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ a sì máa di àṣà rẹ̀ nígbà tí ó bá pẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bá àwọn tí ó ní ìbọn oníkátíríìjì sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ọdẹ ilẹ̀ wa mọ orúkọ Eley, ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1828, àti Kynoch tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham ní 1862. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà a máa ròyìn Winchester ti 1866, àwọn mìíràn a sì máa yin Beretta ti Ítálì, tí ìwé ọjà rẹ̀ ti wà láti 1526. Kò sí àní-àní pé orúkọ àtijọ́ ní èrè tirẹ̀: kátíríìjì kìíní inú páálí àti èyí tí ó kẹ́yìn yóò jọra. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè ṣe. Ìyókù di ọwọ́ ẹni tí ó ń rà á.

Nọ́ńbà tí a kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kà ni ti títóbi ọ̀pá ìbọn. Ìdí tí a fi ń pe ìbọn kan ní 12 ni pé bí a bá fi òjé ṣe bọ́ọ̀lù tí ó kún ẹnu ọ̀pá náà gẹ́lẹ́, méjìlá irú rẹ̀ ni yóò wọn pọ́n-ùn kan. Nítorí náà ni 20 fi kéré sí 12, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 20 ni ó pọ̀ ní ẹnu. Bí ọdẹ bá ṣèèṣì ti kátíríìjì 20 bọ inú ìbọn 12, yóò yọ̀ wọlé, yóò sì há síwájú níbi tí ojú kò ti ní rí i. Ọdẹ yóò rò pé òun kò tí ì ki ìbọn, yóò ti 12 tẹ̀lé e, yóò sì fà á. A kò gbọdọ̀ ṣàpèjúwe ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà níwájú àwọn ọmọdé. Nítorí ewu yìí ni àwọn ilé iṣẹ́ ṣe ń fi àwọ̀ ìyeyè sí ara kátíríìjì 20. Ẹni tí ó bá ní ìbọn méjèèjì nílé kò gbọdọ̀ kó ọta wọn sínú àpò kan náà láé.

Lẹ́yìn èyí ni gígùn. A máa ń lu ú sára ìbọn: mìlímítà 65, 70 tàbí 76. Kátíríìjì 70 a máa wọ inú ìbọn 65 wẹ́rẹ́, nítorí pé a ti ká ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Nígbà tí a bá yìn ín, ẹnu náà yóò ṣí, kò ní rí àyè, ìfúnpá inú ọ̀pá yóò sì ga ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ìbọn bá jẹ́ èyí tí a jogún, ẹ wá àmì tí àwọn tí ń dán ìbọn wò lù sí i. Láti 1813 ni ilé ìdánwò ti wà ní Birmingham, ìbọn tí wọ́n sì ti fi ẹ̀tù ìgbàlódé dán wò a máa ní lẹ́tà BNP pẹ̀lú adé lórí rẹ̀. Ìbọn tí a fi ẹ̀tù dúdú nìkan dán wò, ẹ má ṣe fi kátíríìjì òde òní sínú rẹ̀, ìbáà dán bí dígí.

Ẹ̀kẹta ni títóbi ọta inú kátíríìjì, níbí ni ọ̀rọ̀ sì ti máa ń dàrú jù. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, nínú áúnsì kan, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 28, ọta 6 jẹ́ ẹyọ 270, ọta 4 jẹ́ 170, BB jẹ́ 70, SSG jẹ́ 15, SG sì jẹ́ 8 péré. Òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀: 6 tiwọn bá 5 ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, 4 tiwọn sì bá 3 dọ́gba. Ọmọ tí ó rà á ní Lọ́ńdọ̀nù àti ọmọ tí ó rà á ní Houston lè gbé nọ́ńbà kan náà wá fún baba wọn, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ má sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ní tiwa, a máa ń lo 6 tàbí 5 fún àparò àti awó, 4 tàbí 3 fún ehoro àti òyà, BB tàbí AAA fún ẹtu, SSG tàbí SG fún ìgalà ní tòsí. Àwọn kan máa ń fi SG wá àparò nítorí pé wọ́n rò pé ọta ńlá ni ó lágbára. Ẹyọ mẹ́jọ láàrin ọ̀wọ́ àparò! Yóò tàsé gbogbo wọn, yóò sì rìn ju yáàdì 500 lọ sínú oko ẹni tí kò mọ̀ pé ọdẹ wà nítòsí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ó fi ọta 6 bá ìgalà jà kò ṣe ju pé ó rán an lọ kú sínú igbó fún igún.

Ẹ̀yin ìyá wa, ibi tí ó kàn yín nìyí. Òjé ni ọta. Àwọn kan nínú wa ṣì ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àtijọ́, tí wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ lórí ààrò tí a fi ń se ọbẹ̀. Ní 2010, eruku òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ní agboolé pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Ẹ lé wọn kúrò ní ibi ààrò, kódà bí ó bá jẹ́ ọkọ yín. Ẹran tí a bá sì fi ìbọn pa, ẹ gé ibi tí ọta gbà wọlé sọnù, ẹ má ṣe fi fún ọmọdé jẹ.

Ní ti ohun èlò ìyókù, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìtàn kan sọ pé ogbó tí Odùduwà fún Ọ̀ràngún, tí ó mọ ọ̀nà, ni a fi ń jẹ́ Ìgbómìnà; nítorí náà a kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa bí a ti ń ra àdá. Bàtà tí ó ga dé ìsàlẹ̀ orúnkún ni kí ọmọ rà fún baba rẹ̀, nítorí paramọ́lẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé tí ó dà bíi ti ológun, tí ó kún inú ìwé ọjà òyìnbó, ẹ má ṣe rà á: òfin ilẹ̀ wa kò gba ẹni tí kì í ṣe ológun láyè láti wọ aṣọ ológun, àwọn sójà ojú ọ̀nà kò sì ní dúró gbọ́ àlàyé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọ̀ ọsàn pípọ́n ni òfin ní kí ọdẹ wọ̀, kí ẹnìkejì rẹ̀ má bàa yìnbọn fún un. Ìborùn àwọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí gbẹ̀rí kò ní ba ọdẹ jẹ́.

Àtùpà kábáìdì ti ń lọ, tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mọ́ orí ni ó kù. Ó mọ́lẹ̀ púpọ̀, ó sì ń tanni jẹ. Ojú ẹtu a máa tàn nínú iná. Ojú ewúrẹ́ àti ti màlúù náà a máa tàn. Ojú ènìyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ màlúù náà ni tọ́ọ̀ṣì kò ní fi hàn yín.

Ọ̀rọ̀ òfin ni ó kù. Láti 1959 ni òfin ìbọn ti sọ pé ẹni tí yóò ní ìbọn, ìbáà ṣe ṣakabùlà, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì ni a ti ń ra ọta. Kátíríìjì tí a fi bébà dì wá nínú àpò ìrìn-àjò, bí ó ti wù kí ìfẹ́ ọmọ sí baba pọ̀ tó, ẹ̀wọ̀n ni ó lè dì wá. Ẹ sì rántí pé òfin 1985 dáàbò bo àwọn ẹranko kan. Akika wà lára wọn.

A mọ̀ pé àwọn kan ń sọ ní inú ara wọn pé àkókò kọ́ nìyí láti máa ṣọ́ ọta yàn, nígbà tí ìlú kò fọkàn balẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án 2025 ni àwọn apànìyàn kọlu Òkè-Òdè ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí, tí àwọn tí ń ṣọ́ ìlú sì kú níbẹ̀. A kò gbàgbé wọn. Nítorí náà gan-an ni a fi ń sọ̀rọ̀: ìlú tí ọdẹ rẹ̀ kò pọ̀ kò lè fi ìka àti ojú wọn ṣòfò nínú igbó nítorí páálí tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Láti ọ̀la, ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, títí di ọjọ́rú, mẹ́ta nínú wa yóò máa kiri agboolé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe gbé ìbọn wá sí gbọ̀ngàn. Ẹ yọ ọta inú rẹ̀, ẹ mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá sí tòsí, a ó sì bá yín ka nọ́ńbà ara rẹ̀, a ó kọ ọ́ sínú bébà kékeré kan tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìbọn náà. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ra nǹkan fún baba rẹ̀ kí ó kọ́kọ́ wo bébà náà. Ẹni tí ó bá ti la kátíríìjì kan, tí ẹ̀tù rẹ̀ ṣì wà nínú ìgò nílé, kí ó kàn sọ fún wa. A kò ní bi í léèrè bí ó ti ṣe dé ibẹ̀.