Ilà Tí Ẹ Rí Lẹ́rẹ̀kẹ́ Wa

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ń kọ̀wé sára pátákó, màmá kan láàrin yín tẹjú mọ́ wa. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ṣé àgbà yìí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ kọlà ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò dáhùn, nítorí ojú ń tì wá. Ìdáhùn rẹ̀ ni a mú wá lónìí.

Ilà kọ́ ni. Okùn ló fà á. Ní alaalẹ́, kí a tó sùn, a máa ń fi ìbòmú kan bo imú wa, okùn rẹ̀ á gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí ìpàkọ́. Ọ̀pá rọ́bà gígùn kan so ìbòmú náà mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí ó tó páálí bàtà. Ẹ̀rọ náà á máa fẹ́ atẹ́gùn sí wa nímú títí ilẹ̀ á fi mọ́. CPAP ni àwọn dókítà ń pè é. Àwa ń pè é ní ẹ̀rọ èémí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀.

Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, láti kékeré ni ikọ́ fée ti ń bá wa jà. Òun ni wọ́n ń pè ní ásímà. Àwọn kan nínú yín mọ̀ ọ́n nílé tiwọn. Àyà á há, èémí á máa dún fíì-fíì bí fèrè, pàápàá lóru, pàápàá nígbà ọyẹ́. Imú wa náà kò sinmi. Bí kò bá máa dà, á dí. Iwájú orí àti abẹ́ ojú á máa ro wá. Dókítà ṣàlàyé pé àwọn ihò kan wà nínú egungun ojú ènìyàn. Bí ara inú ihò wọ̀nyí bá wú, ikun imú á há síbẹ̀, kò ní rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀bu ṣọ́ọ̀kì kò jẹ́ kí a gbádùn rárá.

Àwọn méjèèjì yẹn, a ti mọ̀ wọ́n. Ìkẹta ni a kò mọ̀. Ìyàwó wa ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tó ń sùn kì í gbọ́ bí òun ṣe ń hanrun. Ó ní a máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, lẹ́yìn náà a óò dákẹ́ lójijì. Ó ní òun á máa kà á, ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún, kí a tó ta gìrì, kí èémí tó padà. "Bàbá wọn, ẹ̀rù ń bà mí o. Ṣé ẹ ò ní kú sójú oorun lọ́jọ́ kan báyìí?" A ní àsọdùn ni. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀sán a ń sùn lórí àga. Níbi ìpàdé, a ń tòògbé. Lọ́jọ́ kan tí a gun ọ̀kadà wa bọ̀ láti Òṣú, oorun gbé wa lọ; inú koríko ni a ti la ojú. Ọlọ́run ló yọ wá. Ọjọ́ yẹn ni a gbà láti lọ rí dókítà.

Wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ wa lára, a sì sùn mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ka àbájáde rẹ̀, èémí wa ń dúró tàbí kí ó dínkù ní ìgbà 34 ní wákàtí kan. Bí ó bá ti ju 30 lọ, àìsàn náà ti le nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé wa. Bí ènìyàn bá sùn, ẹran ọ̀nà ọ̀fun á dẹ̀. Ti ẹlòmíràn á dẹ̀ jù, á wó pọ̀, ọ̀nà á pa dé. Èémí kò ní kọjá fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ á ta ẹni náà jí díẹ̀, ọ̀nà á là. Oorun á tún gbé e, ọ̀nà á tún pa dé. Báyìí títí di àárọ̀. Ẹni náà lè má mọ̀ pé òun jí, ṣùgbọ́n kò sinmi.

Dókítà kan ní ìlú Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Colin Sullivan ni orúkọ rẹ̀, ló wá ọgbọ́n sí i. Ó mú mọ́tò inú ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó fi ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Dípò kí ó máa fa atẹ́gùn, ó jẹ́ kí ó máa fẹ́ ẹ, ó sì darí rẹ̀ sí imú aláìsàn. Ní 1981 ni ìròyìn iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn dókítà. Atẹ́gùn yẹn ló ń di ọ̀nà ọ̀fun mú kí ó má baà wó, bí ìgbà tí a fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá tí ọ̀rá náà sì dúró gbagidi. Atẹ́gùn inú yàrá lásán ni o. Kì í ṣe ọ́síjìn. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Aládùúgbò wa kan tó rí i pariwo pé, "Wọ́n ti gbé ọ́síjìn sí Tíṣà lára!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ènìyàn mẹ́fà ti wá bẹ̀ wá wò bí ẹni tó fẹ́ kú.

Ẹ má rò pé bí a ṣe gbé ẹ̀rọ náà délé ni oorun dé. Lálẹ́ àkọ́kọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a já a sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn yọ orí síta ní ojú fèrèsé mọ́tò tó ń sáré. Imú wa tó ti ń dí tẹ́lẹ̀ dí pátápátá. Bí imú ṣe dí, ẹnu là. Bí ẹnu ṣe là, atẹ́gùn ń gba ẹnu jáde, ọ̀fun wa sì gbẹ bí èèpo àgbàdo. Alẹ́ kejì, bákan náà. Ní alẹ́ kẹta a gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ìyàwó wa padà sídìí ení, èjì, ẹ̀ta.

Nọ́ọ̀sì kan ló bá wa tún un ṣe. Ó ní, "Bàbá, òru nìkan kọ́ ni kí ẹ máa wọ̀ ọ́. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án. Ẹ jókòó, ẹ tan rédíò, ẹ lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ bọ́ ọ. Lọ́la, ẹ lo ọgbọ̀n." Ó fi ibi tí a óò tẹ̀ hàn wá, kí atẹ́gùn lè máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó sì máa le díẹ̀díẹ̀ bí oorun bá ti ń gbé wa lọ. Ó pààrọ̀ ìbòmú wa sí èyí tó bá ojú wa mu. Ó ní kí a má fa okùn rẹ̀ le jù. Ilà tí ẹ rí yẹn, a ń fà á le jù ni. Ìjẹ̀ṣà ni wá, ẹ̀yin náà sì mọ òṣómàáàlò. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, tí wọn kò ní dìde àfi bí wọ́n bá gbowó wọn, bẹ́ẹ̀ ni a lóṣòó ti ẹ̀rọ náà. Oṣù kan àbọ̀ ni a lò kí a tó lè sùn mọ́ ọn di ìdájí.

Imú ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ̀rọ yìí kò lè la imú tó ti dí. Nítorí náà, kí a tó sùn, a máa ń fi omi iyọ̀ fọ imú: ife omi kan, ìlàjì ṣíbí ìmutíì iyọ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a sè tí ó sì ti tutù. Kí a má fa omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tútù sí imú, nítorí kòkòrò kan wà nínú omi mìíràn tó lè gba imú wọ ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ni a ó wá lo oògùn imú tí dókítà kọ. Apá ẹ̀gbẹ́ etí ni a ń kọ ẹnu rẹ̀ sí, kì í ṣe àárín imú, kí imú má baà ṣẹ̀jẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ń fẹ́ ọjọ́ mélòó kan. Oògùn ìkán-sí-imú tí kẹ́mísì ń tà, tó ń la imú lójú ẹsẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún un. Bí ènìyàn bá lò ó ju bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, imú á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan tún ní kí a fi Robb pa inú ìbòmú wa. Ẹ má dán an wò. Òórùn líle lè gbé ikọ́ fée dìde, ọ̀rá rẹ̀ á sì ba rọ́bà jẹ́.

Nígbà ọyẹ́, àwo omi kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà tó ń mú kí atẹ́gùn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì tutù díẹ̀, kí imú má baà gbẹ. Omi sísè ni a ń rọ sí i bí a kò bá rí omi tí a ti yọ iyọ̀ ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ rà. A kì í lo omi bátìrì mọ́tò. Ojoojúmọ́ ni a ń dà á nù. A ń fi ọṣẹ fọ ìbòmú láràárọ̀, a ń fọ ọ̀pá rọ́bà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì ń yẹ asẹ́ kékeré tó ń gba eruku wò. Ẹ mọ eruku Iléṣà.

Wàyí o, ibi tí a ti ṣe àṣìṣe nìyí.

Lẹ́yìn oṣù méjì tí a ti ń sùn dáadáa, a rò pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ oògùn ṣe. Oríṣi oògùn fífà méjì ni dókítà fún wa fún ikọ́ fée. Aláwọ̀ búlúù ni ti ọjọ́ ogun: bí àyà bá há, òun ló ń ṣí i kíákíá. Èkejì ni ti ojoojúmọ́, tó ń mú kí ara inú ọ̀nà èémí má wú. A ní, "Ara wa ti le. Kí ni a tún ń fa èyí fún?" A pa á tì.

Ní oṣù kìíní ọdún, nínú ọyẹ́, ẹnì kan sun pàǹtí lẹ́yìnkùlé. Ní nǹkan bí aago méjì òru, àyà wa há gádígádí. Ẹ̀rọ ń fẹ́, àyà kò gbà. A já ìbòmú, a dìde jókòó, a táwọ́ sí búlúù. Ó ti tán. Atẹ́gùn lásán ló ń tú jáde. A kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan parí. Ìyàwó wa pariwo, aládùúgbò tó ń pariwo ọ́síjìn yẹn náà ló gbé mọ́tò rẹ̀ jáde. Wesley Guild ni wọ́n gbé wa lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, dókítà sọ fún wa pé, "Bàbá, ọ̀fun ni ẹ̀rọ yín ń ṣí. Àyà ni oògùn yín ń ṣí. Ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni." Ó ní láti 2019 ni àwọn onímọ̀ nípa ásímà lágbàáyé ti sọ ọ́ pé kí àgbàlagbà má gbára lé búlúù nìkan mọ́.

Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni a rántí dókítà kan tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa kò gbàgbé, David Morley. Láàrin 1956 sí 1961 ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọsibítù Wesley Guild yìí kan náà, ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó fún àwọn ìyá ọmọ ní káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, àwọn ìyá náà ni wọ́n sì ń tọ́jú káàdì náà sílé. Ìyá tí kò mọ̀wé á wo ìlà náà, á mọ̀ bóyá ọmọ òun ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. Káàdì yẹn kúrò ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó káàkiri ayé. A bi ara wa léèrè pé àwa tí a mọ̀wé, kí ni a kọ nípa èémí tiwa?

A ra ìwé ìkọ̀wé kan. Lójoojúmọ́, a ń kọ ọjọ́, wákàtí tí a fi lo ẹ̀rọ, bí imú ti rí, iye ìgbà tí a fa búlúù, àti iye tí a bá fẹ́ lára ọ̀pá kékeré tó ń wọn agbára èémí. Ẹ wo ojú ìwé kan: "Ọjọ́ 9. Wákàtí 5. Imú dí. Búlúù 2. Èémí 260." "Ọjọ́ 10. Wákàtí 7. Imú là. Búlúù 0. Èémí 330." Kò ju ìlà kan lọ. Nígbà tí dókítà kà á, ó tún oògùn wa tò. Ìwé yẹn náà ló jẹ́ kí a mọ ìgbà tí búlúù ń sún mọ́ àtitán.

Ẹ ó bi wá pé, bí iná bá lọ ńkọ́? Ó ń lọ. A ra bátìrì kan. Bí bátìrì bá ń gbé e, a máa ń pa ìmómigbóná rẹ̀, nítorí òun ló ń jẹ iná jù. Bí kò bá sí èyíkéyìí, a ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, a kì í fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ má sì sáré ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Ní oṣù kẹfà 2021 ni ilé iṣẹ́ Philips pe ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ rẹ̀ padà, nítorí tìmùtìmù inú wọn lè máa rún wọ inú atẹ́gùn tí aláìsàn ń mí. Ẹ ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó sanwó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú páálí oògùn kan wá láti ilé, pàápàá ti ẹ̀fọ́rí. A ó jọ ka àwọn lẹ́tà kéékèèké ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ó kọ́kọ́ wá ni A-S-P-I-R-I-N, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n ní ikọ́ fée àti imú dídí bíi tiwa, tí aspirin ń há àyà wọn. Màmá tó béèrè ilà, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ kàwé o.