ÀWỌN LÁRÚBÁWÁ DUBAI ÀTI ÈRÒ WA NÍPA WỌN



  

Ẹnu àwọn ọmọ wa ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tòní. Bí ẹni tí ó ti Dubai dé bá jókòó láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò ní, "Àwọn Lárúbáwá yẹn, ìkà ni wọ́n. Wọn kò ka ènìyàn dúdú sí." Ẹlòmíràn tí kò dé ibẹ̀ rí yóò ní olówó ni gbogbo wọn, wọn kì í ṣiṣẹ́, wúrà ni wọ́n ń kà bí òkúta. Àwọn àgbà wa kan sì wà, ẹ má bínú o, tí wọ́n gbà pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ń sọ èdè Lárúbáwá, wòlíì ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbá dídá ni. Ọlọ́hun sì kìlọ̀ fún wa nípa àbá dídá nínú Suuratul Hujuraat.

Ẹ jẹ́ kí a bi ọmọ tí ó ti Dubai dé yẹn léèrè: ta ni ó gbà ọ́ síṣẹ́? Ta ni ó ń jágbe mọ́ ọ? Ẹ ó gbọ́ pé ará Íńdíà ni ọ̀gá, ará Pakistan ni awakọ̀, ará Íjíbítì ni akọ̀wé. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ń gbé ilẹ̀ Emirates, bí ẹnì kan péré ni onílẹ̀. Ọmọ wa lè lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kí òun àti onílẹ̀ kankan má jókòó pọ̀ rí. Àfi bí ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìwó Road, tí àlejò bíi tirẹ̀ bú u níbẹ̀, tí ó wá délé tí ó ní ará Ìbàdàn kò lẹ́kọ̀ọ́.

Èmi kò ní kí a bo ìwà ibi mọ́lẹ̀. Àwọn olówó-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gba ìwé ìrìnnà òṣìṣẹ́ sọ́wọ́, tí wọ́n ń jẹ owó rẹ̀. Òfin iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún ní 2021 pàápàá kọ̀ ọ́. Ànábì wa sì ti ní kí á san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tí ó ṣe é ni kí á mú. Kí á má mú ẹ̀yà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Kí epo tó dé, inú òkun ni àwọn bàbá wọn ń wọ̀ lọ wá péálì, òkúta dídán tí ń bẹ nínú ìkarahun. Nígbà tí àwọn ará Jàpáánù bẹ̀rẹ̀ sí í sin péálì tiwọn, òwò náà bàjẹ́ ní àwọn ọdún 1930, ebi sì pa wọ́n gidigidi. Ọdún 1958 ni wọ́n rí epo ní Abu Dhabi, ọdún 1962 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹ gbọ́ o: ọdún 1956 ni a rí tiwa ní Oloibiri, 1958 ni a sì ti ń tà á. Ẹni tí ó ń sọ pé Ọlọ́hun fẹ́ràn wọn jù wá lọ, kí ó tún ọdún kà.

Sheikh Zayed, ọba Abu Dhabi, ni ó ṣáájú nígbà tí ìlú mẹ́fà para pọ̀ ní December 2, 1971. Ras al-Khaimah wá ṣe ìkeje ní February 1972. Ó kú ní 2004, ọjọ́ 19 oṣù ààwẹ̀, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì fi ń ṣe ìrántí rẹ̀ pẹ̀lú sàárà lọ́dọọdún. Ọ̀nà Imaamu Maaliki tí a kọ́ ní ilé-kéwú nínú Risaala, òun náà ni ìdílé ọba Abu Dhabi àti ti Dubai ń tẹ̀lé. Wọn kì í ṣe àjèjì sí wa tó bí a ti rò.

Ẹ yí i padà wò. Ní June 2020, ọlọ́pàá Dubai mú Ramon Abbas, ẹni tí wọ́n ń pè ní Hushpuppi. Ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán an lẹ́wọ̀n ọdún 11 ní 2022. Láti ìgbà náà, mélòó ni ó gbọ́ "Nàìjíríà" tí kò ro gbájúẹ̀? Nígbà tí wọ́n dá físà dúró fún wa ní October ọdún 2022 kan náà, ìyá aláṣọ ní Gbàgi tí kò jí kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni rí, tí ó jẹ́ pé Dubai ló ti ń rajà, òun náà kò rí ọ̀nà lọ. Ó dun gbogbo wa. A ní, "Ṣé nítorí ẹnì kan ni?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni Lárúbáwá tí kò jẹ owó òṣìṣẹ́ rí lè bi ọmọ wa tí ó jókòó láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹn.

Lọ́la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, ọ̀rọ̀ sàká ni a ó gbà yẹ̀ wò.