Ká Tó Ta Ilé Bàbá Wa: Ohun Tí ₦300,000 Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ ilé la fẹ́ sọ lónìí.

Gbogbo wa la ti rí i lára ògiri káàkiri Èkó: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Bàbá mi náà kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì wa ní Àgbàdo, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, torí àwọn gbájúẹ̀ máa ń ta ilé onílé fún ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí bàbá kú, màmá mi ní àwọn fẹ́ padà sí Abẹ́òkúta, káwọn lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò àwọn. La bá ní ká ta ilé náà. Ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀. Owó tá a rí kó jọ láti fi tún un ṣe kò ju ₦300,000 lọ.

Bọ̀dá mi ní ká pa ọ̀rọ̀ pupa yẹn rẹ́, ká kun ilé, ká pààrọ̀ pátákó síìlìǹgì méjì tí òjò ti bà jẹ́. ₦120,000 lọ síbẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé páànù tó ń jò wà lókè síbẹ̀ o! Bẹ́ẹ̀, bí òjò bá rọ̀ gan-an, omi máa ń wọ yàrá ẹ̀yìn. Àmì rẹ̀ wà lára ògiri níta, ó tó orúnkún. A fi ọ̀dà bò ó.

Ibi témi jẹ̀bi nìyí. Ẹ mọ̀ pé fídíò niṣẹ́ mi. Mo mọ ibi téèyàn ń gbé kámẹ́rà sí tí yàrá kékeré á fi dà bíi gbọ̀ngàn. Mo ya fídíò ilé náà, n kò jẹ́ kí kámẹ́rà dé ẹ̀yìn rárá.

Ìyá kan rí fídíò yẹn, wọ́n wá wò ó. Wọ́n yin pálọ̀, wọ́n yin kíṣìnì. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn, wọ́n wo fẹ́ǹsì aládùúgbò wa tí àmì omi ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n tún wo tiwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi." A ò gbúròó wọn mọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá mi pe èmi àti bọ̀dá mi. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ra ilé yìí, ọmọ rẹ̀ ló máa sùn sí yàrá ẹ̀yìn. Ṣé ẹ ti gbàgbé bá a ṣe máa ń gbé fóòmù yín lé orí tábìlì lóru ni?"

Kò sẹ́ni tó lè fèsì.

Ó ku ₦180,000. A tún èrò wa pa: kí ló ń ba ẹni tó fẹ́ ra ilé lẹ́rù? Ibẹ̀ la ná owó sí.

Àkọ́kọ́, omi. Kàfíńtà gun òkè, ó pààrọ̀ páànù mẹ́ta, ó sì tún ìṣó kàn. A bá àwọn onílé àdúgbò sọ̀rọ̀ nípàdé wọn, a jọ dáwó, wọ́n kó ìdọ̀tí inú gọ́tà títí dé ìkóríta. A fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn sókè. ₦95,000 nìyẹn.

Ìkejì, ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́tí sí mi níbí yìí. Bàbá wa ò ṣe ìwé ìhágún. Lọ́yà tá a lọ bá ní, nínú àṣà Yorùbá tí ilé ẹjọ́ fara mọ́, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti di ti gbogbo ọmọ. Ẹnì kan ò lè dá a tà. Tí olórí ẹbí ò bá sì sí nínú títà ọ̀hún, òfo ni. Ó tún ní ká lọ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní letters of administration ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹni tó máa bójú tó ogún lè ní àṣẹ lọ́wọ́. Owó ìyẹn ò sí nínú ₦300,000 o. Àbúrò bàbá wa ló yá wa, ìgbà tá a ta ilé la san án. Ó sì pẹ́, torí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé a ní ọmọ bàbá kan ní Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, òun sì ni Dáwódù. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ látìgbà ìsìnkú. Bọ̀dá mi ní ká má jí ẹni tó ń sùn. Màmá mi ò dá a lóhùn. Wọ́n tẹ nọ́ńbà fúnra wọn, wọ́n gbé fóònù fún mi. Mo ṣàlàyé. Bọ̀dá Ìbàdàn dákẹ́ títí, wọ́n wá bi mí pé, "Àwọn fọ́tò Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹ ti kó wọn pa mọ́?" Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n wá sí Àgbàdo, wọ́n fọwọ́ síwèé.

Sọfíyọ̀ náà gbé pláànù ilẹ̀ wa lọ sí Aláùsá, láti wò ó bóyá ìjọba ti fi ọwọ́ lé ilẹ̀ náà. Láti ìgbà tí Land Use Act ti 1978 ti dé, ẹni tó bá ra ilé lọ́wọ́ yín máa nílò ìyọ̀ǹda gómìnà. Bí ìwé yín bá rú, tiẹ̀ náà máa rú. A to rìsíìtì ilẹ̀, ti Land Use Charge àti ti iná sínú fáìlì kan ṣoṣo. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦60,000.

₦25,000 tó kù, ìmọ́tótó ni: a kó fìríìjì tó ti kú dànù, a fọ fèrèsé, a fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ohun kan wà tá ò ná kọ́bọ̀ lé. Láti 2024 ni ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láti Àgbàdo lọ sí Òyìngbò. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibùdókọ̀ náà, mo ka iye ìṣẹ́jú, mo fi í sínú fídíò tuntun.

Fídíò tuntun ọ̀hún, inú òjò ni mo ti yà á. Mo fi ẹ̀yìn ilé hàn, mo ní, "Omi máa ń dé ibí tẹ́lẹ̀, ohun tá a ṣe sí i rèé." Bọ̀dá mi pariwo mọ́ mi pé mo ti ba ọjà jẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, tọkọtaya kan pè. Ìyàwó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ fi òjò han èèyàn?"

Wọ́n yọ lára iye tá a pè, torí wọ́n fẹ́ gbé fẹ́ǹsì ẹ̀yìn sókè. A gbà. Bọ̀dá Ìbàdàn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a fọwọ́ síwèé. A ò rí owó tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n títí dòní, kò sẹ́ni tó pè wá lẹ́jọ́, màmá mi sì ń sùn dáadáa l'Ábẹ́òkúta.

Torí náà, tí owó yín ò bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ fi owó yín mú ohun tó ń ba ẹni tó fẹ́ rà lẹ́rù kúrò. Èyí tẹ́ ò bá lè mú kúrò, ẹ sọ ọ́ fún un.

Mo gba àdúgbò yẹn kọjá lóṣù tó kọjá. Onílé tuntun ti kọ̀wé sára fẹ́ǹsì. Ọ̀dà dúdú ló lò: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.