TA NI Ẹ FI Í LÉ LỌ́WỌ́?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó fi Minna ṣe ilé, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ ńlá dà yín láàmú. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo mọ̀, òun náà ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa bá rélùwéè dé ìlú yìí, níbi tí ojú irin Èkó ti pàdé ti Baro sí Kano. Láyé wọn, bí bàbá bá rán ọmọ lọ ra ẹmu, ẹni tó ń tà á mọ ọmọ náà, ó mọ bàbá rẹ̀, ó sì mọ ìwọ̀n tí bàbá ń mu. Bí ọmọ bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì, yóò béèrè ìdí. Ojú tó mọni ni ìwé ẹ̀rí ìgbà náà.

Ní ọdún 1996, èmi náà ń ta wáìnì mọ́ ọjà mi. Oníbàárà kan san owó páálí kan, ó ní kí n fi í ránṣẹ́ sílé òun ní Tunga. Mo gbé e fún ọlọ́kadà, mo ní kó tètè dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ṣílẹ̀kùn, ó ní bàbá òun ní kí òun gbà á. Ọlọ́kadà gbé e fún un, ó yí padà. Ọmọ náà àti àbúrò rẹ̀ ṣí ìgò kan, ó dùn lẹ́nu wọn. Kí ìyá wọn tó ti ọjà dé, èyí àbúrò kò lè dìde mọ́. Ọsibítù ni wọ́n sùn mọ́jú. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò bú mi, kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, “Bàbá oníṣọ́ọ̀bù, ta ni ẹ fi í lé lọ́wọ́?” N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi ọtí títà sílẹ̀.

Ní ọdún 2000, nígbà ìjọba Gómìnà Abdulkadir Kure, òfin Ṣaria bẹ̀rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n sì fi òfin de ọtí títà. Àwa tí ìlú gbà ní àlejò gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún òfin ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abuja, níbi tí wọ́n ti ń fi fóònù ra wáìnì, tí ọlọ́kadà ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn mìíràn nínú wọn gan-an ni ọlọ́kadà náà.

Àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Ní ti ọtí, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù àwọn méjèèjì. Àlejò lójú, kò fi ríran: ọlọ́kadà kò mọ ọmọ ilé. Nítorí náà, kó béèrè ìwé. Nọ́ńbà NIN nìkan kò tó, ọmọ kékeré pàápàá ń gbà á. Kó wo ìwé tó ní ọjọ́ ìbí, bíi láísẹ́ǹsì mọ́tò tàbí páàsípọ́ọ̀tù, kó sì fi àwòrán ibẹ̀ wé ojú tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, kó má ṣe fún un. Bí kò bá sí àgbà nílé, kó gbé ẹrù padà.

Ẹlòmíràn á ní ìwọ̀sí ni kí ọmọdé bi àgbà léèrè ọjọ́ orí. Ẹni tó ti hewú, ta ni yóò bi í? Ní Ìlú Ọba, ọdún 18 ni òfin wí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá jọ ti ẹni ọdún 25. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 21 ni. Àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ ń fi ìwé wọn hàn, wọn kì í bínú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jíṣẹ́, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe bú wọn, ẹ má sì ṣe sọ fún ọmọ pé “bá mi gbà á.” Bí ìyá kan bá bi yín ní ìbéèrè tí wọ́n bi mí, kí ẹ rí èsì fọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa pa ọmọ wa lẹ́kún. Kí ẹgbẹ́ wa gbèrú, kí ìlú Minna tòrò.