ỌJỌ́ TÍ Ọ̀GÁ BÁ NÍ KÍ O MÁA LỌ

(Ọ̀rọ̀ tí olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó)



Àlejò tó sun oorun ọjọ́ kan péré nílé ẹni, á dágbére kó tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó sin ọ̀gá fún 20 ọdún, ẹnu géètì ni wọ́n á ti ní kó máa lọ sílé. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Òfin ò fàyè gbà á. Òfin òṣìṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974 ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí fún akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní nọ́tíìsì, kí òṣìṣẹ́ tó fẹ́ lọ náà fún ọ̀gá:

Oṣù 3 sísàlẹ̀: ọjọ́ 1.
Ó ju oṣù 3, kò tíì pé ọdún 2: ọ̀sẹ̀ 1.
Ó pé ọdún 2, kò tíì pé ọdún 5: ọ̀sẹ̀ 2.
Ọdún 5 sókè: oṣù 1.

Èyí tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Bí ọ̀gá bá fẹ́ kí o lọ lójú ẹsẹ̀, kó san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn, àfi bí o bá jalè tàbí hu ìwà tó burú bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó lo 20 ọdún wá ńkọ́? Oṣù 1 náà ni! Owó gbà-má-bínú ńkọ́? Bí iṣẹ́ bá dín kù, òfin ní kí ọ̀gá sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì gbìyànjú láti dúnàádúrà. Kò dá iye kankan. Ta ló ń dúnàádúrà lẹ́yìn tí wọ́n ti ti géètì?

Ní 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní a kò gbọdọ̀ lé òṣìṣẹ́ ọba láì tẹ̀lé ìlànà iṣẹ́ ọba. Ẹ̀yin tó wà ní kọ́ńpìnnì aládàáni kò ní irú ààbò yẹn.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bèèrè rèé: kí òfin pa á láṣẹ pé, bí wọ́n bá dín òṣìṣẹ́ kù, kí wọ́n san owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan téèyàn fi sìn. Abuja ni wọ́n ti ń ṣe òfin òṣìṣẹ́, kì í ṣe Alausa. Ẹ má fi ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣeré.

Kí ọjọ́ ìbò tó dé, ẹ béèrè ìwé àdéhùn yín. Òfin ní kí ọ̀gá fún yín láàrin oṣù 3. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, ẹ̀rí wo ló fẹ́ mú lọ sí kóòtù?