Ọkọ̀ Òfurufú Olówó Pọ́ọ́kú àti Ẹgbẹ́ Àwọn Awakọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ ní Òkè Bọ́lá, Ìbàdàn.

 

Nígbà tí Alága sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ òfurufú ni kí n wá sọ ní Òkè Bọ́lá yìí, mo bi ara mi léèrè pé, kí ni ó kan àgbẹ̀ tí ó ti Lálúpọn tàbí Àkànràn wá nínú owó tí wọ́n ń gbà láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù? Bí mo ti ń rò ó, mo rí i pé ó kàn án púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní òkè òkun, tí ẹ sì ń retí rẹ̀ nílé nígbà ọdún. Àwọn mìíràn ti ta ilẹ̀, wọ́n ti ta kòkó, kí ọmọ wọn lè kọ́ iṣẹ́ wíwa ọkọ̀ òfurufú. Baba kan náà lè bí àwọn ọmọ méjèèjì: ọ̀kan ń wá tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, èkejì ń wá iṣẹ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì náà lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà inú ilé wa ni, a kò sì lè ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́.

Ìbéèrè tí mo mú wá nìyí: nígbà tí ọkọ̀ òfurufú àjèjì bá ń gba owó kékeré lójú ọ̀nà jíjìn, kí ni ó tọ́ kí ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ṣe? Èrò tèmi ni pé wọn kò gbọdọ̀ bẹ ìjọba pé kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì. Òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo ẹni tí ó bá ná ọjà náà ni kí wọn béèrè.

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ní 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé iṣẹ́ West African Airways Corporation sílẹ̀ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Nígbà tí Ghana gba òmìnira tí ó sì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1958, èyí tí a wá mọ̀ sí Nigeria Airways. Ní 1964 a dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Zaria láti kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ náà. Ní nǹkan bí 1980 sí 1985, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ yìí tó nǹkan bí 30. Ṣùgbọ́n ní 2003 ó kú. Ní 2018, ọdún 15 lẹ́yìn náà, ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń san ìdajì owó tí ó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti di ará ọ̀run kí owó náà tó jáde. Air Afrique pẹ̀lú, tí Dahomey àti àwọn ìlú mìíràn tí ń sọ èdè Faransé dá sílẹ̀ ní 1961, kú ní 2002.

Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ fún ara wa: a kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru àjèjì. Gbèsè pọ̀, òṣìṣẹ́ pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, ìṣàkóso kò sì dúró sójú kan. Ẹni tí ó bá ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta.

Nísisìyí, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Olówó pọ́ọ́kú pẹ̀lú ní ìdí, mẹ́ta sì ni ìdí náà.

Èkínní ni ọgbọ́n. Ọkọ̀ tí kò mu epo púpọ̀, tí àga rẹ̀ kún, tí kì í pẹ́ nílẹ̀ kí ó tó tún gbéra, lè gba owó kékeré kí ó sì jèrè. Ní oṣù September 1977, Freddie Laker bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí New York ní pọ́n-ùn 59 péré. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá já owó tiwọn wálẹ̀ láti bá a figagbága. Ní February 1982, gbèsè bò ó mọ́lẹ̀. Irú ọgbọ́n yìí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ láti bá a jà. Kíkọ́ ni kí wọn kọ́ ọ.

Èkejì ni àpò ìjọba. Ní 2015, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ńlá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ tí à ń pè ní ALPA, gbé ẹ̀sùn dìde pé Emirates, Etihad àti Qatar Airways ti gba owó ìrànwọ́ tí ó ju bílíọ̀nù 42 dọ́là lọ lọ́wọ́ ìjọba wọn. Àwọn ilé iṣẹ́ náà sẹ́ kanlẹ̀. Ní 2018, ìjọba méjèèjì bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé ìṣirò owó àwọn ilé iṣẹ́ náà yóò túbọ̀ hàn sí gbogbo ayé.

Ẹ̀kẹta ni yíyẹ òfin òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2013, ilé iṣẹ́ Norwegian láti ilẹ̀ Norway béèrè àyè láti máa fò lọ sí Amẹ́ríkà lábẹ́ ẹ̀ka kan tí ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ireland. Àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́ ni èyí: kí a ta àsíá ìlú kan sórí ọkọ̀, kí a gba òṣìṣẹ́ láti ìlú mìíràn, kí a má baà san owó iṣẹ́ tí ó tọ́. Wọ́n jà fún ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fún ilé iṣẹ́ náà ní àṣẹ ní December 2016. Wọ́n pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn lẹ́bi ní 2018. Ní January 2021, Norwegian fúnra rẹ̀ pa ọ̀nà jíjìn tì, nítorí gbèsè àti àrùn Kòrónà ti fọ́ ọ léegun. Ẹ kíyè sí èyí: àwọn awakọ̀ pàdánù ẹjọ́, àwọn èrò sì pàdánù tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ká ní oníṣòwò kan dé sí ọjà Dùgbẹ̀, tí ó ń ta iṣu ní ìdajì owó tí iṣu náà ná an. Gbogbo olùrà ni yóò máa yọ̀. Lọ́dún kejì, tí àwọn àgbẹ̀ ti fi oko iṣu sílẹ̀, tí ìsọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó kù, ta ni yóò sọ iye tí yóò máa tà á?

Ní 30 March 2024, ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà kan, Air Peace, bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Èkó lọ sí Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí 1,200,000 náírà ní àlọ àti àbọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ èrò ń san ju mílíọ̀nù méjì lọ. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ àjèjì kan fi já owó tiwọn wálẹ̀, Allen Onyema tí í ṣe ọ̀gá Air Peace sì fi igbe ta pé wọ́n fẹ́ lé òun kúrò lójú ọ̀nà. Mo bi yín: bí wọ́n bá lè gba owó kékeré ní 2024, kí ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á ní 2023?

Síbẹ̀, àwa náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ní June 2023, owó àwọn ilé iṣẹ́ àjèjì tí ó há sí Nàìjíríà tó mílíọ̀nù 812 dọ́là. Nítorí irú owó bẹ́ẹ̀ ni Emirates fi dá fífò wá síhìn-ín dúró ní October 2022, tí kò sì padà títí di October 2024. Èyí kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ méjì: pé a kò gbọdọ̀ di owó ẹni mú, àti pé àlejò lè kó ẹrù rẹ̀ nígbàkúùgbà. Awakọ̀ tí a bí ní Ìbàdàn kò ní ibòmíràn tí yóò pè ní ilé.

Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ àti ẹnjiníà wa, NAAPE, ti ń ké tipẹ́ pé a ń gba àjèjì sí iṣẹ́ tí ọmọ Nàìjíríà lè ṣe, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí jókòó sílé. Òfin tuntun ti 2022 pe iṣẹ́ òfurufú ní iṣẹ́ kòṣeémánìí, ó sì fún Mínísítà ní agbára láti ka ìyanṣẹ́lódì léèwọ̀. Nítorí náà, ohun ìjà àtijọ́ ti kú lójú. Ọgbọ́n ni ó kù.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún wọn, tí mo sì fẹ́ kí Ẹgbẹ́ yìí tì lẹ́yìn, kò pọ̀. Kí wọn béèrè pé, nínú gbogbo àdéhùn òfurufú tí Nàìjíríà bá ń bá ìlú mìíràn ṣe, kí ìlú náà fún ọkọ̀ wa ní irú àyè tí a fún tirẹ̀, ní pápákọ̀ tí ó dára àti ní wákàtí tí ó dára. Kí ìjọba máa yẹ ìwé owó ọkọ̀ wò, kí a lè mọ ẹni tí ó ń tà ní àdánù láti pa ẹlòmíràn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wa bá yá ọkọ̀ pẹ̀lú awakọ̀ àjèjì, kí ìwé àdéhùn sọ ọjọ́ tí ọmọ wa yóò gba ìdarí ọkọ̀ náà. Kí awọn awakọ̀ wa náà sì gbà láti máa bá ọ̀gá wọn jíròrò lórí àkókò gbígbéra àti lórí ìnáwó, nítorí èrò tí a bá dá dúró ní pápákọ̀ fún wákàtí mẹ́fà kò ní ro ti orílẹ̀-èdè nígbà tí ó bá tún fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, nígbà tí àwọn tí ń ra kòkó fi òṣùwọ̀n èké rẹ́ yín jẹ, òṣùwọ̀n tòótọ́ ni ẹ béèrè. Ẹ kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra kòkó mọ́. Ohun kan náà ni kí ẹ bá àwọn ọmọ yín tí ń wa ọkọ̀ òfurufú béèrè. Nígbà tí aṣojú yín bá tún dé láti wá ìbò, ẹ bi í léèrè àdéhùn tí ó fọwọ́ sí nípa òfurufú wa, kí ó sì dá yín lóhùn kí ó tó jókòó.