Ibo ni Ẹ̀ṣà Ń Lọ? Ẹ̀rọ Aṣàso àti Oúnjẹ Tó Ń Ṣòfò



Wọ́n ń gbin èso kiwi lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Te Puke, ní orílẹ̀-èdè New Zealand. Líle ni wọ́n ń ká a, ojú lásán kò sì lè mọ èyí tí yóò dùn. Nínú ilé ìṣàso wọn, orí bẹ́líìtì ni èso ń gbà kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń yí, kámẹ́rà ń ya gbogbo ara rẹ̀, ó ń wá ojú egbò; òṣùwọ̀n ń wọ̀n ọ́n. Ìmọ́lẹ̀ kan tún wà tí ojú ènìyàn kò lè rí, tó ń wọ inú èso lọ. Omi àti ṣúgà inú èso á gba díẹ̀ mọ́ra nínú ìmọ́lẹ̀ náà; èyí tó ṣẹ́kù ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí inú èso ṣe rí. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, èso ti bọ́ sí ojú ọ̀nà tirẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Karl Norris, ọmọ Amẹ́ríkà tó bá ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba wọn ṣiṣẹ́, wà lára àwọn tó la ọ̀nà ìmọ̀ fífi ìmọ́lẹ̀ yẹ inú nǹkan wò yìí. Ẹyin adìyẹ ló fi bẹ̀rẹ̀: ó ń tan iná sí i kó lè mọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ láìfọ́ ọ.

Ṣé ẹ̀rọ aṣàso yìí ń dín òfò kù? Ó lè dín in kù. Ọ̀pọ̀ èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì ethylene jáde, gáàsì yìí á sì mú kí àwọn tó wà nítòsí tètè pọ́n. Tí a bá ya èyí tó ti pọ́n kúrò lára èyí tó ṣì le, èyí tó pọ́n á lọ sí ọjà ìtòsí, èyí tó le á sì lè rin ọ̀nà jíjìn.

Ẹ wá wo tòmátì wa tó ń ti Kánò bọ̀ wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Apẹ̀rẹ̀ ráfíà ni wọ́n ń dì í sí, èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n pa pọ̀. Ti òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀, ooru sì ń mú gbogbo wọn. Ìgbà tó bá dé Èkó ni àwọn ìyá wa tó ń dà á sílẹ̀, tí ọwọ́ wọn á sì máa ṣà á: èyí tó le níhìn-ín, èyí tó rọ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀ṣà, ìyẹn èyí tó ti ń bàjẹ́, lọ́tọ̀ fún àwọn olóúnjẹ. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni. Àmọ́ ibùdó ìkórè ló yẹ kí ṣíṣà ti wáyé, kí mọ́tò tó gbéra.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nìyí: ẹ̀rọ ń ya èso sọ́tọ̀ ni, kì í wá ibi tí èyí tó yà sọ́tọ̀ máa lọ. Ènìyàn ló sì ń sọ èyí tí ẹ̀rọ máa yà sọ́tọ̀: lábẹ́ òfin Yúróòpù ti ọdún 1988, kùkúḿbà tó bá fẹ́ wà ní ipò gíga jù lọ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ju mìlímítà 10 lọ nínú gígùn sẹ̀ǹtímítà 10. Ọdún 2009 ni wọ́n tó yọ òfin ìrísí kúrò lórí irú èso àti ẹ̀fọ́ 26. Bí ẹni tó ń rà bá kọ èyí tó tẹ̀, kámẹ́rà á bá a kọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìyára tí ọwọ́ kò ní. Òfò ọ̀hún á wá pọ̀ sí i ni.

Nítorí náà, kí a tó ra ẹ̀rọ olówó ńlá, ẹ jẹ́ kí ibi tí a ti ń sá tòmátì àti ibi tí a ti ń lọ̀ ọ́ wà nítòsí oko, kí ẹ̀ṣà ní iye tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a lo àpótí oníke tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, irú èyí tí àwọn olùwádìí NSPRI, ilé ìwádìí ìjọba lórí ìtọ́jú irè oko, ní Ìlọrin ń polongo.

Tí ẹ̀rọ bá sì máa dé, ẹ rántí pé àwòrán èso tí ènìyàn ti pín sí ìsọ̀rí ni wọ́n fi ń kọ́ kámẹ́rà níṣẹ́. Àwọn obìnrin Mile 12 ló mọ ìsọ̀rí wọ̀nyí, iye tí ìkọ̀ọ̀kan ń pa, àti ẹni tó ń rà á. Mo ń bẹ àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní àwọn yunifásítì wa pé kí wọ́n lọ bá wọn jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì sanwó fún wọn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́.